Ìbọn Atẹ́gùn Tí A Ṣe fún Ọdẹ Abigi

Agogo méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ni ìyá mi mú mi wọ ilé àgbẹ̀dẹ Ọ̀gá Lásísì ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wákàtí náà dá mi lójú nítorí aago ọwọ́ mi ni mo tẹjú mọ́. Ojú ń tì mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé ojú ń tì mí. Ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni. Àwa tí a jáde ilé-ìwé Mọ́dà nígbà náà gbà pé ọ́fíìsì ló ń dúró dè wá. Mo ti kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ sí Ìbàdàn títí ó fi sú mi, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ìyá mi ní kí n yéé jókòó sílé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe ni mò ń kọ ìtàn iṣẹ́ mi yìí fún. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún yín, ìdí mìíràn tún wà. Ọkùnrin kan ń bẹ ní Abigi tó yẹ kí n ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún láti ìgbà èwe mi. N kò sọ ọ́. Ó ti darúgbó, èmi náà ti darúgbó, ó sì ti ránṣẹ́ pè mí báyìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ mi ṣe gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ ìbọn ni Ọ̀gá Lásísì. Ṣakabùlà ló ń rọ fún àwọn ọdẹ láti Awà títí dé etí omi. Ọkùnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, kì í sì í na ọmọ iṣẹ́. Ohun tó máa ń ṣe le ju ìyẹn lọ. Tí o bá ṣe iṣẹ́ kan tán, á gbé e sókè sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á dijú kan, á wò ó, lẹ́yìn náà á jù ú padà sínú iná láìsọ ohunkóhun. Ọdún kan gbáko ni mo lò nídìí ẹwìrì kó tó fún mi ní fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin, àti irin kan, pé kí n sọ irin náà di onígun mẹ́rin.

"Ọ̀gá, mo rò pé ó ti dọ́gba," ni mo wí ní ọ̀sẹ̀ kejì.

"Ta ló ní kí o rò?" ni ó dáhùn. "Ìwé ni ẹ̀yin alákọ̀wé fi ń ronú. Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń mọ irin. Gbé e padà síbẹ̀."

Mo máa ń fẹ́ sunkún. Mo ń sọ ọ́ fún yín nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ kàwé lè rò pé làálàá ló máa dùn yín jù nídìí iṣẹ́ ọwọ́. Làálàá kọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ mọ̀ jù mí lọ, ó mọ̀ pé òun mọ̀ jù mí lọ, n kò sì lè bínú sí i nítorí pé òótọ́ ni.

Òfin méjì ni kò gba àríyànjiyàn níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó lu ihò ìbọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yìn ín, ní àgbàlá àti nínú igbó. Tí ìbọn bá máa bú, ojú ẹni tó ṣe é ni kó bú sí. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ fúnra wọn. Tí ìbọn bá ti dún, ẹni tó yìn ín á ké orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo àwọn tó wà nínú igbó náà á dá a lóhùn láti ibi tí kálukú wà. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yìnbọn mìíràn, títí gbogbo ohùn á fi pé. Ní àgbàlá wa pàápàá, tí a bá dán ìbọn wò tán, ẹni yòówù kó yìn ín, ọ̀gá ló máa ń ké pé, "Lásísì ni o, Lásísì," àwọn ará àdúgbò á sì dáhùn pé, "A gbọ́ o," kálukú nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó di ọdún kẹta mi kí Bàbá Rẹ̀mí tó wá. Ọdẹ ni, láti Abigi, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Ìyọnu rẹ̀ kò ju omi lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń wọ igbó lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀tù ìbọn a sì máa tutù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ti rí òyìnbó agégigẹdú kan tó ń fi ìbọn atẹ́gùn kékeré pa àdàbà.

"Ọ̀gá, ìyẹn ò lo ẹ̀tù rárá," ni ó wí. "Ẹ bá mi ṣe bàbá rẹ̀. Èyí tó lè pa ìmàdò."

"Atẹ́gùn ò lè pa ìmàdò."

"Ẹwìrì yín ń fi atẹ́gùn yọ́ irin."

Ọ̀gá wò ó títí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti wù ú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí nǹkan wù ú, ìdùnnú kan sì bò mí tí n kò mọ orísun rẹ̀. Bóyá nítorí pé ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ tí o kàwé, wàá bá mi ka gééjì atẹ́gùn."

Oṣù márùn-ún ni a lò. Irin tó so mọ́ ọwọ́ ìwakọ̀ lọ́rì kan ni a lu ihò sí nínú. Èmi ni mo lù ú, ihò náà fẹ̀ tó orí àtàǹpàkò. Ọ̀gá ṣe irin eléyín kan, ó ní kí n máa fà á gba inú ihò náà kọjá kí ó lè fi ìlà yíyípo sí i, kí ọta lè máa yí bó ṣe ń jáde. A yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ fi ṣe ọta. Ìgò irin pupa tí wọ́n fi ń pa iná ní ilé ìlagi ni a fi ṣe ìdí ìbọn, inú rẹ̀ ni atẹ́gùn á máa gbé. Pọ́ǹpù lọ́rì kò lágbára tó, nítorí náà ọ̀gá ṣe pọ́ǹpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ tó igba ìgbà kí abẹ́rẹ́ gééjì tó dé ibi tí ọ̀gá fi ṣọ́ọ̀kì pupa sàmì sí.

A dán an wò lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun àìlà. Pákó ọ̀mọ̀ tó nípọn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni a gbé ti ògiri ẹ̀yìn. Ìyá Ganíyù, aládùúgbò wa, ń yan gàrí ní ìkángun àgbàlá, ó ti fi òwú di etí rẹ̀ méjèèjì. Mo gbé ìbọn náà lé èjìká. Ó wúwo gan-an. Irin ìgò náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Mo yìn ín.

Ohùn tó jáde dà bí ìgbà tí àgbàlagbà bá mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ẹni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí èéfín, kò sí òórùn. Ṣakabùlà a máa ti èèyàn sẹ́yìn, èyí kàn fọwọ́ kan èjìká mi pẹ́lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ pè mí. Àwọn adìẹ tó ń jẹ ní ẹsẹ̀ ògiri kò gbórí sókè.

"Ó ti lọ?" ni ọ̀gá bi mí.

"Mi ò mọ̀, Ọ̀gá."

A ní láti rìn dé ìdí pákó kí a tó mọ̀. Ihò kan wà láàárín rẹ̀, ó yípo rekete, etí rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo sì rí ògiri láti inú rẹ̀. Ọta ti wọ ògiri náà jinlẹ̀. Nígbà tí mo padà fọwọ́ kan ìgò irin náà, ó tutù bí omi òwúrọ̀, ìrì sì ti bò ó lára nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo mọ̀ báyìí pé bí atẹ́gùn ṣe ń jáde lójijì ló ń mú irin tutù. Nígbà yẹn n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ohun kan kú nínú rẹ̀.

Ìyá Ganíyù yọ òwú kan. "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò ní yìn ín lónìí ni? Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ràn."

"A ti yìn ín, Ìyá Ganíyù."

"Nígbà wo?"

Ọ̀gá fi ìka kan ihò inú pákó náà. Mo ń retí kó ké orúkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ké e. Kò ké e. Mo rò pé nítorí pé kò sí ìró tí yóò ké lé lórí ni. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀, ó wọlé. Ara mi kò balẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, n kò sì lè ṣàlàyé fún ìyá mi pé iṣẹ́ tí mo ṣe dáadáa ló ń bà mí lẹ́rù.

Bàbá Rẹ̀mí wá gbé e ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo sì bá a lọ nítorí òfin àkọ́kọ́ yẹn. Lọ́rì gbé wa dé ibi tí ọ̀nà parí, ọkọ̀ ojú omi gbé wa dé Abigi. Àbúrò rẹ̀ Bọ̀dá Sànyà ló pàdé wa. Yóò ti fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó sanra, ọdẹ ni òun náà. Nígbà tó rí mi tí mò ń fi pọ́ǹpù fẹ́ ìbọn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbọn lẹ rà àbí kẹ̀kẹ́?"

"Máa fi ṣẹ̀sín."

"Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ o. Tí èyí bá dún, wọ́n á gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Òde."

Bàbá Rẹ̀mí ṣẹ́jú sí mi pé kí n má sọ fún un pé kì í dún. Ó fẹ́ fi ya àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni, kò sí ibi kankan nínú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, lẹ́yìn òjò, Bàbá Rẹ̀mí rán Bọ̀dá Sànyà gba apá odò kékeré kan lọ. "Dúró síbẹ̀," ó ní. "Wàá gbọ́ wa." Èmi àti òun lọ lúgọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá kékeré kan. Kò pẹ́ tí ẹtu méjì fi jáde, wọ́n ń jẹ koríko ní ìfarakínra. Mo yìn ín. Ìbọn náà mí kanlẹ̀. Ẹtu kan wó lulẹ̀.

Èkejì kò sá. Ó gbórí sókè, ó wo èyí tó wó, ó tún ń jẹ koríko rẹ̀ lọ. Ó ń jẹ ẹ́ yí òkú náà ká. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé láti ìgbà náà, n kò tíì rí ohun tó ṣe mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dà bí ẹni pé ikú wá, kò sì sí ẹni tí wọ́n sọ fún.

Èmi kò ké orúkọ mi. Bàbá Rẹ̀mí kò rán mi létí. Ìró ìbọn ló máa ń fa igbe jáde lẹ́nu wa, kò sì sí ìró.

"Fún èkejì náà ní tirẹ̀," ni ó rọra sọ sí mi létí.

Mo fi ọta kejì sí i, mo yìn ín. Ẹtu náà ti gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ọta kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ inú igbó lọ. Ewé kan mì. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn èèyàn níbẹ̀. Kò kígbe. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí èèyàn ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́. N ò mọ̀ pé ibí lẹ wà. Ẹ má bínú. N ò ní wá síbí mọ́."

Bọ̀dá Sànyà ni. Ó ti dúró títí, kò gbọ́ ìró kankan, ó gbà pé ìbọn atẹ́gùn wa ti kọ̀, ó sì ń bọ̀ wá fi wá ṣẹ̀sín. A bá a níbi tó jókòó sí, ó fi ẹ̀yìn ti igi, ó di itan rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Kò wò wá. Ibì kan lókè, láàárín àwọn ewé, ló ń wò.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Ẹ ò rí i ni?"

Bàbá Rẹ̀mí yíjú sí mi. Ó bọ́ aṣọ ọdẹ ọrùn rẹ̀, ó jù ú bo ìbọn tó wà lọ́wọ́ mi. N kò lè gbàgbé bí aṣọ náà ṣe rọra balẹ̀.

A fi ẹtu tó kú sílẹ̀ níbẹ̀. A gbé Bọ̀dá Sànyà sínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó sùn lọ, Bàbá Rẹ̀mí sọ fún mi ní ohùn kékeré pé ìbọn náà kò ní láísẹ́nsì, pé ọlọ́pàá á kó òun, á kó èmi, á sì kó ọ̀gá mi. "Máa sọ pé ìbọn kọ̀, kò yìn. Jẹ́ kó máa rò ó bó ṣe ń rò ó. Tí ara rẹ̀ bá yá, èmi fúnra mi á sọ fún un." Ní ibi ìtọ́jú tí a gbé e lọ, ẹni tó wẹ egbò náà yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ihò yípo kan wọlé, òmíràn jáde. Kò sí èérú ẹ̀tù lára ẹran, kò sí ọta nínú rẹ̀. "Èyí kì í ṣe ojú ìbọn," ni ó sọ. Bọ̀dá Sànyà mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ fún.

Nígbà tí mo gbé ìbọn náà padà dé Òkè-Àgbò, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó tú ẹnu ìgò irin náà díẹ̀, atẹ́gùn inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó pẹ́ púpọ̀ kó tó tán. Àwa méjèèjì jókòó, a ń gbọ́ ọ.

"O ké?" ni ó wá bi mí.

"Mi ò ké, Ọ̀gá."

"Èmi náà ò ké lọ́jọ́ tí a dán an wò. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò dáa. Mo dákẹ́ nítorí pé ó wù mí." Ó mú ayùn irin, ó gé ẹnu ìbọn náà sí wẹ́wẹ́. "Padà lọ. Sọ fún ọkùnrin náà. Tí wọ́n bá fẹ́ mú èèyàn, kí wọ́n wá mú mi níbí."

Ọjọ́ Àìkú ni mo dé Abigi. Wọ́n ní kí n wá Bọ̀dá Sànyà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó wà létí omi. Mo bá a lórí ìdúró níwájú ìjọ, ó wọ aṣọ funfun, ó di ọ̀pá mú, ó ń jẹ́rìí. Ó ní ẹni tí òun kò rí ló dá ọgbẹ́ sí òun lára. Ó ní kò dún, kò rú èéfín, òun kàn bá ara òun nílẹ̀ ni. Ó ní òun ti fi ìbọn òun jin ẹlòmíràn, òun kò tún ní pa ẹran mọ́. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ tàn.

"Ẹ wò ó, ọmọ àgbẹ̀dẹ yẹn nìyẹn. Ó wà níbẹ̀. Ẹ bi í bóyá ó gbọ́ ìró ìbọn."

Gbogbo orí yí sí mi. Wòlíì bi mí pé, "Ọmọ, ṣé o gbọ́ ìró ìbọn?"

"Mi ò gbọ́," ni mo wí.

Òótọ́ ni mo sọ. N kò tíì pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ láyé mi. Ìjọ bẹ̀rẹ̀ orin, ìyá rẹ̀ àgbà dì mọ́ mi, ó ń fi omijé súre fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ náà yé yín. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ ìyókù. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú mi.

Mo sọ fún ọ̀gá pé mo ti sọ ọ́. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ìyókù iṣẹ́ mi kò ní ìtàn púpọ̀. Mo gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá, n kò ṣe ìbọn kankan mọ́. Mo kó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, mo ń ṣe ọkọ́, àdá, àti ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Fáànù tí a ń fọwọ́ yí gba ipò ẹwìrì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná ẹ̀lẹ́tíríìkì dé, mo kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà lọ́wọ́ ẹni tí mo jù lọ ní ọdún mẹ́tàlá, òun náà kò sì tijú láti sọ fún mi pé kí n tún un ṣe. Géètì ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì ni mo fi parí iṣẹ́, kí ojú mi tó kọ̀. Tí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ kọ́ ọ. Irin kì í gba àwíjàre, ó máa ń sọ ohun tí o ṣe sí i gan-an. Èmi ni n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá Lásísì ti kú. Bàbá Rẹ̀mí náà ti kú láìsọ fún àbúrò rẹ̀. Ní oṣù tó kọjá ni ọmọbìnrin Bọ̀dá Sànyà pè mí lórí fóònù. Bàbá Àgbà ni wọ́n ń pe bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ó ní wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ńlá fún un, pé yàtọ̀ sí bàbá, èmi nìkan ló ṣẹ́kù nínú àwọn tó wà nínú igbó lọ́jọ́ náà, pé bàbá fẹ́ kí n dìde níwájú gbogbo ìjọ kí n sọ ohun tí mo rí.

Mo bi í pé báwo ni bàbá ṣe wà.

"Ara wọn le, sà," ó ní. "Ẹ̀rù yẹn nìkan ni. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dá oko sí apá igbó yẹn títí di òní. Wọ́n ṣì máa ń bá ẹni tí wọn ò rí yẹn sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ óò kàn gbọ́ tí wọ́n á máa sọ pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

N kò lè sùn dáadáa láti ìgbà náà. Tí mo bá sọ fún un pé èmi ni, bóyá ẹ̀rù tó ti ń bà á láti ọjọ́ náà á fi í sílẹ̀ kó tó kú. Ṣùgbọ́n orí ẹ̀rù yẹn ló kọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ sí, àti orúkọ rẹ̀, àti bí ó ṣe tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Tí mo bá yọ ọ́, n kò mọ ohun tó máa kù fún ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Tí mo bá sì dìde tí mo tún sọ pé n kò gbọ́ ìró ìbọn, mo mọ ohun tí èmi á jẹ́. Mo ti rò pé kí n lọ bá a ní ìkọ̀kọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Mo ti rò pé kí n purọ́ pé ara mi kò yá.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé yìí, ọmọdé yín àti àgbà yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi rò ó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Kí ni kí n sọ fún un, ṣé lójú ìjọ ni kí n ti sọ ọ́, àbí fún òun nìkan?